Ìbéèrè Kan Náà, Ẹnu Méjì: Ìtàn Bí Dátábéèsì Ṣe Ń Yan Ọ̀nà

Ní sáà tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí a lé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kúrò nínú iṣẹ́ àkójọ ẹ̀ka-èdè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka tiwa níbí mọ iṣẹ́ náà: àwọn ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn tí àwa àti àwọn tó ṣáájú wa ń gbà lẹ́nu àwọn àgbà, láti Ọ̀yọ́ títí dé Ìlàjẹ, tí a kó sínú dátábéèsì kan kí ẹnikẹ́ni lè máa wá a wò. Òun ló kọ ojú-ewé tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú-ewé yìí bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kí ó kó ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ wá, yóò máa yí, yóò máa yí, a ó ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dáhùn. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní dáhùn rárá, àfi kí ó kọ ọ́ síwájú wa pé àkókò ti tán.

A fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ojú-ewé náà kì í ṣe ju pé kí ó pe ìbéèrè àpamọ́ kan tó wà nínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé dátábéèsì dání, kí ó sì dárúkọ ẹ̀ka-èdè tí a ń wá fún un. Ọ̀kan nínú wa da ìlà náà kọ lẹ́tà sí lẹ́tà, ó gbé e sínú Management Studio, ohun èlò tí Microsoft ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ bá SQL Server sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìdáhùn dé kí a tó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, iye kan náà, ìlà kan kò yingin.

A bá dájọ́. Dátábéèsì kò ní àrùn, ojú-ewé ló ní. A ní kí ó lọ tún un kọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Ní ìpàdé kẹta, ẹnìkan láàárín wa (ẹ má bèèrè ẹni náà) sọ fún un pé ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ yìí ju agbára rẹ̀ lọ. Ó dìde, ó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti jáde nínú WhatsApp wa pẹ̀lú.

Ìdánwò tí a fi dá a lẹ́bi kì í ṣe ìdánwò. Ìbéèrè méjèèjì tí a rò pé ó jẹ́ ọ̀kan náà kì í ṣe ọ̀kan náà lójú sáfà, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn kan tó ti lé ní ọdún 50. Àwa tí a ń kọ́ ìtàn èdè kò mọ ìtàn èdè yìí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ la ń fi í ṣiṣẹ́.

Kí ọdún 1970 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ mú ohun kan jáde nínú àkójọ ńlá inú kọ̀ǹpútà ní láti mọ ọ̀nà ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Charles Bachman, ẹni tó ṣe IDS fún ilé-iṣẹ́ General Electric láàárín àwọn ọdún 1960, gba ẹ̀bùn Turing ní 1973, nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gbà á, ó fi ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wé atukọ̀. Àpèjúwe náà bá ìgbà rẹ̀ mu. Bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀ yìí, tẹ̀lé okùn tó so ó mọ́ èkejì, bí o bá dé ibẹ̀, wá èyí tó tẹ̀lé e: gbogbo rẹ̀ ni atukọ̀ yóò kọ kalẹ̀. IMS tí IBM ṣe, tí iṣẹ́ Apollo tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá wà lára ohun tó bí i, kò yàtọ̀ púpọ̀. Òun tilẹ̀ to nǹkan bí ìdílé, baba lókè, ọmọ nísàlẹ̀, ẹni tó bá ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ baba kọjá. Bí wọ́n bá tún inú àkójọ náà tò, gbogbo ètò tó mọ ọ̀nà àtijọ́ ṣìnà nìyẹn.

Ní oṣù Òkúdu 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Communications of the ACM. Ohun tó sọ ni pé kí a to gbogbo nǹkan sínú àtẹ, tó ní ìlà àti òpó, kí ẹni tó ń bèèrè sì sọ ohun tó fẹ́ nìkan. Bí wọn yóò ṣe mú un wá kò kàn án. Ẹni tó rán ọmọ lọ sọ́jà, ohun tó fẹ́ rà ló ń sọ; ọmọ ló mọ ẹ̀yìnkùlé tí yóò gbà.

Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ló dùn sí i. Ní 1974, Codd àti Bachman dojú kọ ara wọn nínú àríyànjiyàn kan ní ìlú Ann Arbor, ní Michigan. Iyèméjì àwọn tó wà lẹ́yìn atukọ̀ kì í ṣe ti òpè. Ṣé ẹ̀rọ lè mọ ọ̀nà yàn bí ẹni tó ti ń tọ̀ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́? Bí ó bá wá yan èyí tí kò dára ńkọ́, ta ni yóò mọ̀? Títí dòní, gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú ojú-ewé tó ń falẹ̀, ìbéèrè yẹn ló jókòó tì.

Ní San Jose yẹn náà ni wọ́n ti dáwọ́ lé System R, láti fi hàn pé àlá Codd lè ṣiṣẹ́. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ṣe èdè tí wọn yóò fi máa bi í léèrè, wọ́n pè é ní SEQUEL ní 1974. Ilé-iṣẹ́ kan ti fi orúkọ yẹn ṣe àmì ọjà tirẹ̀, ni wọ́n bá gé e kúrú sí SQL. Boyce kú ní ọdún 1974 yẹn gan-an, kò rí ibi tí èdè rẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú ìtàn yìí ni Patricia Selinger. Ní 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin kọ bí System R ṣe ń yan ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a fi àtẹ tiwa ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Ti Ìlàjẹ kò tó nǹkan, nítorí ẹni tó ti lọ gbà á wá láàárín wa kò pọ̀. Bí a bá ní kí sáfà kó ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ wá, ọ̀nà tó yá ni kí ó ṣí atọ́ka, bí ìgbà tí a ṣí ẹ̀yìn ìwé, kí ó rí ojú ìwé tí wọ́n wà, kí ó sì lọ mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ń lọ sí atọ́ka, tó ń padà sínú ìwé, tó tún ń lọ sí atọ́ka nítorí ọ̀rọ̀ tó wà ní ojú ìwé gbogbo, yóò ṣe é títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí ó kúkú ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti parí.

Ohun tí Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti díye lé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbéra: ojú ìwé mélòó ni n ó ṣí, iṣẹ́ mélòó ni n ó ṣe, èwo ni yóò wọ́n jù? Àbá ni, àbá náà kò sì jinlẹ̀ púpọ̀ nígbà yẹn. Bí òpó tí a ń bèèrè kò bá ní atọ́ka, wọ́n gbà pé ìdá 1 nínú 10 ìlà àtẹ ni yóò bá a mu, ó tán. Bí ó bá ní atọ́ka, wọ́n gbà pé gbogbo orúkọ inú rẹ̀ ló ní ìpín kan náà. Lójú System R, Ọ̀yọ́ àti Ìlàjẹ ìbá pọ̀ bákan náà. Àwọn tó dé lẹ́yìn tún un ṣe; SQL Server ń ṣe àkọsílẹ̀ bí nǹkan ṣe pọ̀ sí nínú òpó, ó lè pín in sí ọ̀nà 200. Síbẹ̀ ọpọlọ Selinger ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dátábéèsì tí ẹ lè dárúkọ.

Ohun kan tún wà tí System R ṣe, òun ló sì bá wa jà. Yíyan ọ̀nà gan-an ń gba àkókò. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti yàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tọ́jú ètò ìrìn náà pamọ́, kí ẹni tó bá tún bèèrè lọ́la má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró. Bí wọ́n bá yọ atọ́ka tí ètò náà gbójú lé, wọ́n á yan òmíràn. Ó mọ́gbọ́n dání.

Ọgbọ́n yìí rìn jìnnà. Ní Berkeley, Michael Stonebraker àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe INGRES. Bob Epstein tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá Sybase sílẹ̀ ní 1984. Sybase bá Microsoft dòwò pọ̀, SQL Server àkọ́kọ́ tó ti àárín wọn jáde sì dé ní 1989. Wọ́n pínyà ní àwọn ọdún 1990, Microsoft sì tún apá tó ń yan ọ̀nà kọ láti ìpìlẹ̀ fún ẹ̀dà 7.0, tó jáde ní 1998. Kí ó tó di ìgbà náà, ìbéèrè àpamọ́ nìkan ni SQL Server ń tọ́jú ètò ìrìn rẹ̀ fún àtúnlò, láti 7.0 lọ, ó ń tọ́jú ti ìbéèrè gbogbo.

Nígbà tí ó bá ń yan ọ̀nà fún ìbéèrè àpamọ́, ó máa ń wo orúkọ tí ẹni tó kọ́kọ́ dé bá gbé wá. Parameter sniffing ni wọ́n ń pè é, bí ajá tó ń fi imú wá òórùn. Bí Ìlàjẹ ló kọ́kọ́ dé, ètò ìrìn Ìlàjẹ ni yóò tọ́jú, gbogbo ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò mú gba ọ̀nà náà, títí kan ẹni tó ń wá Ọ̀yọ́.

Ẹ ó ní: ó dáa, ṣùgbọ́n kí ló dé tí Management Studio kò gba ọ̀nà burúkú yẹn? Ìbéèrè kan náà kọ́ ni?

Ẹ kọ *owo* sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Owó ni àbí òwò? Ọwọ́ ni àbí ọ̀wọ̀? Gbogbo wa ni a ti gba máàkì kékeré rí nítorí àmì. Ìbéèrè tó ń lọ sínú sáfà náà ní àmì tirẹ̀, tí kì í hàn lójú. Láti ìgbà tí sáfà kan ti ń dá oríṣiríṣi ètò kọ̀ǹpútà lóhùn, tí ODBC sì dé ní 1992 kí ètò yòówù lè máa bá dátábéèsì yòówù sọ̀rọ̀, èdè wọn kò ṣọ̀kan. Ní ayé Sybase, ẹni tó bá bèèrè àwọn ìlà tí òpó kan dọ́gba pẹ̀lú òfo, ìyẹn NULL, yóò rí wọn gbà. Òfin SQL ti ọdún 1992 sọ pé òfo kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun, kódà pẹ̀lú òfo ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kò lè sọ pé kí gbogbo ètò àtijọ́ ti ojú bọlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ni wọ́n bá jẹ́ kí olúkúlùkù sọ èyí tó fẹ́ nígbà tó bá wọlé: ANSI_NULLS, QUOTED_IDENTIFIER, àti irú wọn. Bí a ṣe ń kọ ọjọ́ pàápàá wà lára rẹ̀. 03/04 lè jẹ́ oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ó dá lórí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, sáfà kò lè mú ètò ìrìn tí ó ṣe fún ẹni tó ní àmì kan, kí ó gbé e fún ẹni tó ní òmíràn, nítorí ìtumọ̀ lè yàtọ̀. Yóò tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. ARITHABORT jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ohun tí sáfà yóò ṣe bí a bá fi òdo pín iye ló jẹ mọ́. Ó wà ní ON nínú Management Studio; nínú ODBC àti àwọn tí ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù sábà máa ń gbà wọlé, ó wà ní OFF. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé ní àwọn ẹ̀dà ìsinsìnyí, bí ANSI_WARNINGS bá ti wà ní ON, bó ti máa ń wà, ARITHABORT kì í yí ìdáhùn padà mọ́. Àmì tí kò ní ìtumọ̀ mọ́ ni, bí lẹ́tà tí a kò pè mọ́ tó ṣì wà nínú orúkọ ìlú. Síbẹ̀ ó ṣì ń pín ibi ìpamọ́ sí méjì.

Ìyẹn ni pé a da ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ, a kò da àmì rẹ̀ kọ.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí, tí dátábéèsì wá di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ló ṣí wa lójú. A kọ̀wé sí i láti fi ẹjọ́ sùn, ó sì fi ìbéèrè kan dá wa lóhùn: ṣé a fi ARITHABORT sí OFF kí a tó dán an wò? A kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ṣe é lójú ẹsẹ̀. Management Studio náà bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀ bí ìgbín. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

Ká ní a dúró níbẹ̀, à bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá ní ìṣòro yìí fi SET ARITHABORT ON sínú ojú-ewé rẹ̀. A fi í sí i. Ó yá bí iná! A tilẹ̀ ti ń kọ ìkíni ku oríire síra wa. Ní òru ọjọ́ kejì, iná lọ, bátìrì kò gbé e, sáfà kú. Láàárọ̀, ọmọ ipele kejì kan tó ń ṣe iṣẹ́ lórí Ìlàjẹ ló kọ́kọ́ dé orí ojú-ewé wa. Láti ìgbà náà, ojú-ewé falẹ̀, Management Studio pàápàá falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ti jọ ń pín ètò ìrìn kan náà báyìí.

Ẹ̀gbọ́n wa fi wá rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní ON kò yá ju OFF lọ. Ohun tí a ṣe kò ju pé a ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìpamọ́ kan lọ sí èkejì, tí ètò ìrìn tó bá Ọ̀yọ́ mu wà. Ibi ìpamọ́ yìí máa ń ṣófo bí sáfà bá kú, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ bèèrè lẹ́yìn náà ló ń yan ọ̀nà fún gbogbo ìlú. Ó ní kí a lọ ka àpilẹ̀kọ gígùn kan tí Erland Sommarskog, ará Sweden, kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. A kà á. Ó gbà wá ní alẹ́ méjì, àmọ́ a kò kábàámọ̀.

Kì í ṣe SQL Server nìkan. PostgreSQL, tí Stonebraker yìí náà dá sílẹ̀, ní ìwà tirẹ̀: fún ìbéèrè tí ètò kan ti pèsè sílẹ̀, yóò yan ọ̀nà tó bá orúkọ mu fún ìgbà 5 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí rò ó bóyá kí ó fi ọ̀nà kan ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Java pẹ̀lú SQL Server, ẹ ṣọ́ èyí: JDBC Microsoft máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní Unicode àfi bí ẹ bá ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òpó tí ẹ ń wá bá jẹ́ varchar àtijọ́, ó lè di dandan kí sáfà yí òpó náà padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, atọ́ka á sì di aláìwúlò. Àwa tí a ní ẹ, ọ àti ṣ kò ní ìṣòro yẹn, nítorí varchar wa kò tilẹ̀ gbà wọ́n. Nvarchar la ti fi bẹ̀rẹ̀.

Microsoft fi Query Store sí ẹ̀dà 2016, kí ènìyàn lè rí ètò ìrìn tí sáfà ń lò tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ń lò báyìí. Ní 2022, wọ́n jẹ́ kí ìbéèrè kan lè ní ètò ìrìn ju ọ̀kan lọ, bí iye ohun tí a ń wá bá yàtọ̀ púpọ̀ síra. Tiwa kò tíì dé 2022. OPTION (RECOMPILE) la fi sí ìdí ìbéèrè wa, kí ó máa yan ọ̀nà tuntun nígbà gbogbo. Yíyàn náà ń ná wa ní àkókò díẹ̀. Bí àwọn tó ń bèèrè ṣe kéré tó, kò ni wá lára.

Kí a tó fi í síbẹ̀, a tẹ ètò ìrìn méjèèjì sórí ìwé, ti Ọ̀yọ́ àti ti Ìlàjẹ, a sì gbé e lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ wa nínú yàrá rẹ̀. Gààrí ló ń mu. A bẹ̀ ẹ́. Kò dá wa lóhùn. Ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́, ó wá bi wá léèrè ẹni tó kọ́kọ́ wọlé sórí ojú-ewé láàárọ̀ ọjọ́ náà. A sọ fún un. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ̀yìn tí iná bá lọ ló máa ń yí padà, òun sì sọ ọ́ ní ìpàdé kejì. A wo àkọsílẹ̀ ìpàdé. Lóòótọ́ ló sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣe akọ̀wé lọ́jọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà tó tún un ṣe. Ó ti padà sínú WhatsApp wa. Ó ní kí a má kọ orúkọ òun síbí, a kò sì kọ ọ́.